Imú Dòdò Gbé Mi Dé Ṣáínà

Láti ọjọ́ tí mo ti Ṣáínà dé, mi ò lè ti Àpòmù lọ sí Ìkirè kí ẹnì kan má dá mi dúró lọ́nà. "Bọ́láńlé, ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n ń jẹ ejò?" "Bọ́láńlé, ṣé wọ́n jẹ́ kí o wọ ilé wọn?" Ẹ̀gbọ́n kan tilẹ̀ tẹ̀ mí léjìká ní ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà ń lọ lọ́wọ́ o, wọ́n ní ṣé ata wà níbẹ̀. Mo ti sọ ọ́ sọ ọ́ tí ọ̀nà ọ̀fun mi gbẹ. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá tún bi mí, ìwé ni màá nà sí i.

Ẹ má retí pé màá ròyìn bí mo ṣe gba ìwé ìrìnnà tàbí wákàtí mélòó ni bàálù fi fò. Ìyẹn ò dùn ún gbọ́. Ohun tó lé mi kúrò nílé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́.

Ọwọ́ tó ń wú

Ìyá mi ń din dòdò lẹ́bàá títì ní Ìkirè, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti máa ń dúró. Kò sí ará ibí tí kò mọ dòdò wa. Ṣùgbọ́n nítorí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí ìdálẹ̀, ẹ jẹ́ n là á yé wọn: dòdò Ìkirè kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá pípọ́n, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn ìbá kó dà sí ààtàn, òun gan-an là ń bó. A ó gún un pẹ̀lú ata àti iyọ̀, a ó fọwọ́ bù ú sínú epo pupa tó gbóná, a ó sì din ín títí yóò fi dúdú. Ó ń dùn, ó ń ta, ó sì lè pẹ́ gan-an kó tó bàjẹ́.

Ti ìyá mi wá ní ohun kan tí ti àwọn yòókù ò ní. Bí wọ́n bá ti bù ú, àtàǹpàkò ni wọ́n fi ń já a sínú epo, ibi tí àtàǹpàkò ti já a á sì yọ ṣóńṣó. Ṣóńṣó yẹn ló máa ń kọ́kọ́ gan. Imú dòdò là ń pè é nílé wa. Nígbà tí a wà ní kékeré, ojoojúmọ́ là ń jà sí i, àpá eyín mi ṣì wà lápá àbúrò mi títí di òní.

Ṣùgbọ́n ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ní àárọ̀, wọn ò lè fi ṣí ìdérí ìkòkò. Dókítà sọ fún wọn pé ọwọ́ náà ti ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, pé bí wọn ò bá jẹ́ kó sinmi, ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn ò ní lè fi mú ṣíbí. Ìyá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì lọ din dòdò ní ọ̀sán ọjọ́ náà.

Ẹ óò ní, ìwọ Bọ́láńlé, ṣé o ò mọ̀ ọ́n din ni? Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n awakọ̀ kan wà tí à ń pè ní Bàbá Ráṣídì, tí wọ́n ń kérò láti Èkó lọ sí Àkúrẹ́. Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n ti ń ra dòdò lọ́wọ́ ìyá mi. Ọjọ́ tó bá jẹ́ pé èmi ni mo din ín, Bàbá Ráṣídì á jẹ ẹyọ kan, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á wá ní, "Ta ló din tòní?" Mo bù ú kéré, "Ta ló din tòní?" Mo bù ú ńlá, "Ta ló din tòní?" Mo gbàdúrà sí i, pàbó. Inú máa ń bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n yọ afẹ́fẹ́ táyà ọkọ̀ wọn.

Bí mo ṣe sọ fún ìyá mi nìyẹn pé mo fẹ́ lọ sí Ṣáínà lọ wá ẹ̀rọ tí yóò máa bù ú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi oríkì mi pè mí. "Àkànkẹ́, ẹ̀rọ wo nìyẹn? Ṣé ó ní àtàǹpàkò ni?"

Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò ṣeré, wọ́n bá mi dá májẹ̀mú. Wọ́n ní, "Bí Bàbá Ráṣídì bá jẹ ti ẹ̀rọ rẹ, tí wọn ò béèrè ẹni tó din ín, màá ká ọwọ́ mi sórí itan. Àmọ́ bí wọ́n bá béèrè, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọwọ́ mọ́ lẹ́nu rẹ títí ọlọ́jọ́ á fi dé." Mo ní mo gbà. Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé wọn kì í yẹ̀ lórí ọ̀rọ̀, ohun tó bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, wọ́n wọ aṣọ àdúrà wọn, aṣọ funfun báláú, wọ́n wọ́n omi sórí àpótí mi, wọ́n wọ́n ọn sórí ìgò epo pupa, sórí ata gbígbẹ àti dòdò tí mo dì sí náílọ́ọ̀nù. "Olúwa," wọ́n ní, "má jẹ́ kí wọ́n ta ẹ̀rọ ìpékeré fún ọmọ mi." Àmín ńlá ni mo ṣe. Mi ò mọ̀ pé wọ́n ti rí ọ̀nà náà já.

Ìlú tó ń mu omi gbígbóná

Àbúrò mi ti dẹ́rù bà mí pé òtútù ibẹ̀ á pa mí, mo bá wọ kóòtù tó nípọn bíi bẹ́ẹ̀dì. Háà! Bí ilẹ̀kùn pápá ọkọ̀ òfuurufú Guangzhou ní Ṣáínà ṣe ṣí báyìí, ooru gbá mi lójú, ooru tiwa gẹ́lẹ́, ooru ọ̀sán oṣù kẹta ní Àpòmù. Òógùn bò mí. Mẹ́í, ọmọbìnrin tó ń gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wá pàdé mi láti máa ṣe ògbufọ̀, wò mí, ó wo kóòtù, ó rọra bá mi gbà á.

Nínú mọ́tò, mo pariwo. Mẹ́í fò sókè. Mo ní, "Wo ọ̀gẹ̀dẹ̀!" Igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni lóòótọ́, lẹ́bàá ọ̀nà, ewé rẹ̀ ya wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bíi ti ẹ̀yìnkùlé wa. Mo ti fò kọjá òkun láti wá bá ọ̀gẹ̀dẹ̀! Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, dírẹ́bà sì ń wò mí nínú dígí.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ nípa àwọn èèyàn ibẹ̀. Wọn kì í kíni. Ẹ óò wọ ẹ̀rọ agbéniròkè pẹ̀lú ènìyàn mẹ́jọ láàárọ̀ kùtù, kò sí ẹni tó máa ní "ẹ káàárọ̀". Èmi ń kí wọn, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú ojúmọ́," wọ́n ń wo fóònù. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu ń yún mi. Mo ti ń sọ nínú ara mi pé wọn ò kọ́ àwọn wọ̀nyí nílé. Àfi bí mo ṣe ra ọsàn lọ́wọ́ ọmọdébìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ. Ọwọ́ méjèèjì ló fi nà án sí mi, ó sì tẹ orí ba. Mo wo àgbà, mo wo ọmọdé, bákan náà ni: ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ fún ẹ, ọwọ́ méjì ni. Mo bá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Wọ́n kọ́ wọn nílé, ilé tiwọn ni.

Wọ́n máa ń wòòyàn ṣá! Àwọn obìnrin á ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá àwọn ya fọ́tò, wọ́n á fọwọ́ pa irun dídì mi lórí. Fọ́tò tí mo yà níbẹ̀ ju ti ọjọ́ ìgbéyàwó mi lọ.

Ní ti oúnjẹ, omi gbígbóná ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé síwájú ẹ, nínú ooru yẹn! Bí mo bá ní kí wọ́n fún mi ní tútù, wọ́n á wò mí bí ẹni tó fẹ́ para rẹ̀. Láàárọ̀, ìrẹsì tí wọ́n sè títí tó fi di bí ògì ni, kò sí ata níbẹ̀ rárá. Lọ́jọ́ kan mo yọ ata mi nínú báàgì, mo bù ú sí i. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sí tábìlì kejì na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ní kí n bù fún àwọn. Mo ní kí wọ́n rọra o, wọn ò gbọ́. Omi bọ́ lójú wọn, wọ́n lu tábìlì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún na ọwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí nípa ejò, mi ò rí ejò jẹ o. Ata ni èmi fún wọn jẹ.

Ìpékeré, ìpékeré, ìpékeré

Ilé tí wọ́n ń pàtẹ ẹ̀rọ oúnjẹ sí, bí ojú bá rí i, ẹnu á dákẹ́. Èèyàn á wọlé, kò ní rí òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń pò, èyí tó ń fẹ̀, èyí tó ń ká, èyí tó ń di nǹkan sí náílọ́ọ̀nù bí idán! Mo ń sáré kiri bí ọmọdé lọ́jọ́ ọdún, Mẹ́í ń sáré tẹ̀lé mi. Mo rí ẹ̀rọ kan tó ń bó ẹyin sísè, mo dúró síbẹ̀ títí Mẹ́í fi fà mí láṣọ.

Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá ti gbọ́ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni mò ń fi ṣòwò, ẹ̀rọ kan náà ló ń mú mi lọ wò: èyí tó ń gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tó le pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Ìpékeré! Ṣọ́ọ̀bù kejì, ìpékeré. Ṣọ́ọ̀bù kẹwàá, ìpékeré. Kò sí ẹni tó ronú kan ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ rí. Mo yọ dòdò ìyá mi fún ọkùnrin kan. Ó yí i lọ, ó yí i bọ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó bá Mẹ́í sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ojú Mẹ́í pọ́n.

"Kí ló ní?"

"Ó ní... ó ní ẹ pẹ̀lẹ́, pé ó jóná."

Ó jóná! Dòdò ìyá mi! Mo sọ̀rọ̀ fún ọkùnrin yẹn, ẹ̀yin ará, mo fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, Yorùbá ni mo fi parí rẹ̀. Mẹ́í ò túmọ̀ ọ̀kankan. Ọkùnrin náà gbọ́ mi tán, ó tẹ orí ba, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì fún mi ní ìwé ẹ̀rọ ìpékeré.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ní bí mo bá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà wá bó ṣe yẹ kó rí, òun á dà á sínú ẹ̀rọ òun kí a jọ wò ó. Mo lọ ra àgbagbà lọ́wọ́ obìnrin ará Kóńgò kan ládùúgbò tí àwọn aláwọ̀ dúdú ń gbé. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n. Kò sí ohun tí mo lè ṣe ju kí n gbé e lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì, kí n máa dúró dè é.

Ẹni tó ṣàánú mi

Mo tò wọ́n sábẹ́ fèrèsé, mo fi ìró bò wọ́n. Láràárọ̀ mo ń tẹ̀ wọ́n wò, mo sì ń kí wọn, "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbagbà," ó ṣe tán, àwọn nìkan ni mo rí kí. Wọ́n pọ́n, wọ́n yọ àmì wínníwínní, wọ́n dúdú. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, òórùn dídùn yẹn gba gbogbo yàrá, èyí tí ọmọ Ìkirè kan ò lè ṣì mọ̀. Mo jó! Mo jáde lọ sọ fún oníṣọ́ọ̀bù pé ọ̀la lọ̀la.

Nígbà tí mo padà dé, abẹ́ fèrèsé ti mọ́ tónítóní. Wọ́n ti ká ìró mi sórí bẹ́ẹ̀dì. Lórí tábìlì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan wà, odidi ìdì kan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, kò ní àbàwọ́n kankan, ìwé pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Yéè! Mo káwọ́ lérí. Mo pe Mẹ́í, ó sáré dé, ó ka ìwé náà. Obìnrin tó ń tún yàrá ṣe ló kọ ọ́: "Ẹ má bínú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ yín ti bàjẹ́, ẹ má jẹ ẹ́, á dà yín nínú rú. Mo ra òmíràn fún yín."

Mo ti ṣí ẹnu láti bú u. Mo ní ìbínú tó tó bú ìlú. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ bú? Ó ti ń rí mi lójoojúmọ́ tí mo ń fi aṣọ bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà, ó rò pé ebi ló ń pa àlejò. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sunkún. Mo sọ fún Mẹ́í pé ọwọ́ ìyá mi ló gbé dànù yẹn.

Mẹ́í lọ pè é wá. Chén lorúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ mi ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ le bíi ti ẹni tó ń fọṣọ. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣe, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Mẹ́í tó wà láàárín sì dara pọ̀ mọ́ wa. Àwa mẹ́ta! Nígbà tí a sunkún tán, mo yọ dòdò kan fún Chén kó lè mọ ohun tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ń dà. Ọwọ́ méjì ló fi gbà á. Ó jẹ imú rẹ̀ ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ! Ó jẹ ẹ́ tán, ó sì bá Mẹ́í sọ̀rọ̀ kíákíá.

Mẹ́í ní, "Ó ní ẹ gbọ́dọ̀ bá òun lọ rí bàbá òun lónìí. Pé ohun tí ẹ ń wá wà lọ́wọ́ wọn."

Bàbá Chén

Bàbá Chén ń ta ẹja nínú ọjà kékeré kan. Bí mo ṣe rí irun funfun lórí wọn, mo kúnlẹ̀. Ẹ̀rù ba bàbá, wọ́n rò pé mo ṣubú, wọ́n sáré kúnlẹ̀ láti gbé mi dìde, orí wa sì gbá ara wọn. Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ìyẹn, kò sí pé àlejò ni mí mọ́.

Wọ́n padà sídìí iṣẹ́. Ẹja tí wọ́n ti gún kúnná ló wà nínú abọ́ ńlá. Bàbá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n di ẹ̀kúnwọ́, wọ́n fún un, ó yọ láàárín àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀, wọ́n já a, ó bọ́ sínú omi gbígbóná. Wọ́n tún fún un, wọ́n tún já a.

Mo di ọwọ́ Mẹ́í mú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ. "Ìyá mi nìyẹn! Mẹ́í, ìyá mi nìyẹn!" Kò yé e. Báwo ló ṣe máa yé e? Mo ti rí ọwọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti ní ojú, bó ṣe ń dì, bó ṣe ń fún, bí àtàǹpàkò ṣe ń já a. Lára bàbá kan tó ń ta ẹja ní Ṣáínà ni mo tún ti wá bá a.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí n gbìyànjú rẹ̀. Mo fọ ọwọ́, mo dì í, mo fún un, mo já a. Bàbá wo èyí tí mo ṣe nínú omi, wọ́n sọ nǹkan, àwọn ará ọjà tún bú sẹ́rìn-ín.

"Kí ni wọ́n ní?"

Mẹ́í ń fi ọwọ́ bo ẹnu. "Wọ́n ní ta ló kọ́ yín."

Àní, Bàbá Ráṣídì ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi!

Nígbà tí ẹ̀rín parí, Chén ṣàlàyé fún bàbá rẹ̀ nípa ìyá mi àti ọrùn ọwọ́ wọn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n ká apá aṣọ wọn sókè, wọ́n fi tiwọn hàn mí: wọ́n ti fi aṣọ dì í. Wọ́n mú wa lọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ẹ̀rọ kan ti ń fún ẹja láìdúró, ó ń já a, ó ń jù ú sómi. Ti àwọn ilé oúnjẹ ńlá ni ẹ̀rọ ń ṣe. Ti àwọn oníbàárà àtijọ́ nìkan ni bàbá fi ọwọ́ ń ṣe. Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lúò ló rọ ẹ̀rọ náà.

Àléébù tí mo wá rà

Lúò pá lórí, ó sanra, ó sì mọ ẹ̀rọ rẹ̀ yìn bí ẹni ń ki ọmọ. Chén kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ tí a lọ bá Lúò. Láti ìdájí ló ti ń kiri ọjà, tó ń ṣa ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú tí àwọn èèyàn fẹ́ dànù, irú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọn kan tó kúrú tó nípọn bí àgbagbà. Odidi àpò kan ló gbé dé! Ó ní gbogbo ọjà rò pé òun ti ya wèrè.

A bó o, a gún un, mo da ata mi sí i. Mo gbé epo pupa kaná ní gbàgede Lúò, gbogbo òṣìṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, wọ́n ń sá jáde, wọ́n ń sá padà wọlé láti wá wò ó. Lúò tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ fún ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó já a, tọ́, tọ́, tọ́, sínú epo.

Róbótó ni. Ó rí róbótó bí ọmọ ayò, kò sí èyí tó tóbi ju èkejì lọ. Lúò ń pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Mo wò ó, ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Kò ní imú. Lójú mi ni Bàbá Ráṣídì ti ń jẹ ẹyọ kan, tí wọ́n ń dákẹ́.

Mo ní kí Mẹ́í sọ fún un pé mo fẹ́ kó ní imú. Mẹ́í ní, "Imú? Ti kí ni?" Mo wo aago, àárọ̀ ni ní Ìkirè. Mo pe ìyá mi lórí fóònù, ojú wọn yọ, èéfín wà lẹ́yìn wọn, ìdí àdògán ni wọ́n wà.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yín hàn wọ́n."

"Ta ni wọ́n? Ta ni ọ̀gbẹ́ni apárí yìí? Àkànkẹ́, ṣé o ti jẹun?"

Lúò gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ìyá mi bù, wọ́n fún, wọ́n já. Lúò fi ìka ṣe àmì pé kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe. Ó ṣe àmì pé kí wọ́n rọra ṣe é, wọ́n sì rọra ṣe é. Ibi tí wọ́n ti ń rọra yìí ni mo ti rí i bí ojú wọn ṣe ń fún pọ̀ nígbà tí ọwọ́ bá yí, ohun tí mi ò rí rí nígbà tí wọ́n bá ń yára. Lúò náà rí i. Ó dá fóònù padà fún mi, ó wọ yàrá ìkẹ́rùsí lọ.

Ó pẹ́ níbẹ̀. A ń gbọ́ bó ṣe ń tú irin. Nígbà tó jáde, eruku bo orí rẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu ògbólógbòó. Mẹ́í túmọ̀ ohun tó ń sọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní èyí ni àkọ́kọ́ tí òun ṣe láyé òun. Ó máa ń fi ìrù sí ẹja lára, àwọn tó rà á dá a padà, wọ́n fi òun ṣẹ̀sín. Odidi ọdún ni òun fi wá ọ̀nà tí ìrù yẹn á fi lọ. Òun ò mọ ìdí tí òun ò fi jù ú nù.

Ó dè é mọ́ ẹ̀rọ. Ó tẹ bọ́tìnnì. Tọ́!

Ó yọ ṣóńṣó. Ẹ̀yin ará, ó yọ ṣóńṣó! Ṣóńṣó náà gan ṣáájú, ó dúdú ṣáájú. Kí n tó lanu, ìyá mi ti pariwo látinú fóònù, "Imú rẹ̀ rèé! Àkànkẹ́, imú rẹ̀ rèé!" Mo fò mọ́ Chén, Chén fò mọ́ Mẹ́í, àwọn òṣìṣẹ́ tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ń pàtẹ́wọ́. Lúò mú irin tí wọ́n fi ń fá irin, ó fẹ́ tún etí rẹ̀ ṣe kó dán. Mo gbá a lọ́wọ́ mú. "Má fọwọ́ kàn án! Bó ṣe rí yẹn ni mo fẹ́ ẹ!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní kí n ṣáà má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ ọ́ síta.

Ọjọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, Chén sìn mí dé ẹnu ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì. Mo fún un ní dòdò tó kù, ìgò ata, àti ìró tí mo fi bo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ méjì ni mo fi fún un. Ó rí i, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ta ló din tòní?

Àjò ò dùn kónílé má relé. Mo délé, mo dúró de ẹ̀rọ tí mo rà lọ́wọ́ Lúò títí ọrùn mi fi gùn. Nígbà tó dé, ṣọ́ọ̀bù mi ní Àpòmù la gbé e sí. Ìyá mi wá láti Ìkirè, wọ́n gbàdúrà yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, a sì din ti àkọ́kọ́. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tiwa, epo tiwa, wọ́n sì fúnra wọn wọn ata àti iyọ̀ sí i. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ imú rẹ̀. Mo ń wo ẹnu wọn.

"Mà?"

"Mi ò sí nínú májẹ̀mú," wọ́n ní. "Gbé e, ká máa lọ sí Ìkirè."

A tẹ́ ẹ sórí àtẹ. Ìyá mi jókòó sórí àpótí wọn, wọ́n ká ọwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n fa ìborùn bò ó. Èmi dúró lẹ́yìn wọn. Ọkọ̀ Bàbá Ráṣídì pẹ́ kó tó dé lọ́jọ́ náà.

"Màmá, ẹ kú ọrọ̀ ajé o."

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá Ráṣídì. Ọ̀nà ńkọ́?"

Wọ́n mú ẹyọ kan. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n dákẹ́. Èmi di àga mú. Wọ́n mú èkejì, wọ́n kọ́kọ́ ká imú rẹ̀ sẹ́nu, wọ́n pọ́n ìka lá, wọ́n sì kọjú sáwọn èrò inú ọkọ̀.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá ra dòdò! Ẹ ò lè rí irú èyí níwájú." Wọ́n wá yíjú sí ìyá mi. "Màmá, ẹ di mẹ́wàá fún mi. Mo ti ń sọ ọ́ fún ọmọ yín yìí, ọwọ́ yín ò ní àfiwé. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ dúró, màá mọ̀."

Ìyá mi ṣí ìborùn kúrò. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó mọ́ tónítóní, kò sí epo níbẹ̀, kò sí ata, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún ṣì wú díẹ̀.

"Bàbá Ráṣídì," wọ́n ní, "ẹ wò ó. Ó ń sinmi látàárọ̀."

Wọ́n sì rọra ká a padà sórí itan.